Ẹni tí Yóò Bá Taïrou Tọrọ Aya

Òjò ń rọ̀ ní ọjà Adjamé Roxy lọ́jọ́ tí Fausiatou kọ́kọ́ rí Taïrou. Ọkùnrin gíga kan ń sáré bọ̀ láìwọ ẹ̀wù. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé ìwé, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ó yà wọ ìsọ̀ tí Fausiatou ti ń ta aṣọ.

"Ìwé wo nìyẹn, tí òtútù fi fẹ́ pa ọ́ nítorí ẹ̀?"

"Thèse mi ni, ìwé ìwádìí tí mo fẹ́ fi gboyè. Mo ń wádìí ìdí tí àdéhùn fi ń de èèyàn. Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ wọn ní fac, ní yunifásítì, náà nìyẹn."

"Kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù ná, monsieur le professeur."

Láti ọjọ́ yẹn, Taïrou ń padà wá. Fausiatou kì í gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́. Ohun tó mú un ni pé ọjọ́ tí Taïrou bá ní òun ń bọ̀ gan-an ló ń dé.

Ṣùgbọ́n bàbá Fausiatou, Alhaji Òkéwùmí, ti ṣèlérí rẹ̀ fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìgbòho. Bí ààwẹ̀ bá ti parí, wọn yóò mú un lọ.

Taïrou gbọ́, ó dá lọ bá Alhaji nílé rẹ̀ ní Yopougon, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, lójú òfin, àdéhùn ẹni méjì kì í de ẹnìkẹta. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín lẹ jọ ṣe é. Fausiatou ò sí níbẹ̀."

Alhaji gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló rán ọ wá?"

"Èmi fúnra mi ni. Mo gbà pé kálukú ló yẹ kó sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀."

"O ò ní àgbà kankan nílé? N ò ní fọ́mọ mi fún ẹni tó dá wá. Dìde."

Fausiatou bá a ní ibi tí gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, ti ń dúró.

"O ti bà á jẹ́."

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Òótọ́! Lọ́jọ́ tí a bá jà, ta ni màá lọ fẹjọ́ ẹ sùn? Ohun tí Bàbá ń bi ọ́ nìyẹn."

Àbúrò bàbá Taïrou nìkan ló kù fún un, Bàbá Yacouba, káfíńtà ní Koumassi, tó tọ́ ọ dàgbà. Látìgbà tí Taïrou ti kọ iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, tó ní ẹnìkan kò lè yan ayé fún ẹlòmíràn, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

"Yóò lé mi."

"Kó lé ọ. Bí ẹ ò bá dé kí ààwẹ̀ tó tán, mo ti lọ nìyẹn."

Ààwẹ̀ dé. Ìyá Fausiatou ti di ẹrù ọmọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ kan bá ti dúró lójúde, Fausiatou á sáré yọjú. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ kan kó pé nígbà tí àgbàlagbà kan wọlé, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. Taïrou tẹ̀ lé e.

"Alhaji, ọmọ mi nìyí. Orí kunkun ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni. Èmi ni mo wá tọrọ."

Alhaji wo Taïrou níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Professeur, òfin ọjọ́sí ńkọ́?"

Taïrou la ẹnu. Bàbá Yacouba wò ó. Taïrou pa ẹnu rẹ̀ dé, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Fausiatou mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ná an, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí Taïrou sọ fún un rí tó dùn tó o.

Alhaji mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo ṣèlérí fún wọn ní Ìgbòho. Èmi náà ni màá bẹ̀ wọ́n."

Lọ́jọ́ yìgì, nígbà tí àfáà bi ìyàwó bóyá ó gbà, àwọn ìyá ní kó dorí kodò, pé bó bá ti dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn.

"Mo gbà," ni Fausiatou wí, sókè, tí wọ́n fi gbọ́ ọ dé títì.