Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Ohun Tí Sodiqat Kò Gbọ́ fún Ọjọ́ Mọ́kànlá

Bí ẹ bá ti gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kọjá rí ní ilé ìwòsàn ńlá kan, ẹ ti rí bẹ́ńṣì yẹn. Àwọn obìnrin máa ń jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú wọn kò sì ní kúrò lára ilẹ̀kùn kan. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ni àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé wà, nínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ara wọn gbóná.

Àwa tí à ń polongo ìlera ìyá àti ọmọ káàkiri Òkè-Ògùn ti bá ọ̀pọ̀ ìyá sọ̀rọ̀ lórí irú bẹ́ńṣì bẹ́ẹ̀. Ìtàn Sodiqat ni n ó sọ lónìí. Obìnrin náà wú mi lórí, n ò sì lè fi pa mọ́.

Aránṣọ ni Sodiqat ní Àgọ́-Àrẹ. Ẹ mọ bí ọwọ́ aránṣọ ṣe máa ń dí tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ìlú ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun lọ sí yídì, kò sì sẹ́ni tó tètè gbé aṣọ wá. Sodiqat ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tòun toyún oṣù méje. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Muhydeen ọkọ rẹ̀ sáré gbé e dé Ṣakí, ó sì bí ọmọ obìnrin kan tí kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ọmọ sínú gíláàsì, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sí i nímú kí omi ọyàn lè máa gbabẹ̀ wọlé.

Iṣẹ́ ìyá kò ju méjì lọ: kó máa fún omi ọyàn sínú ife ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, kó sì máa wọlé wá gbé ọmọ sí àyà. Níbẹ̀rẹ̀, ife máa ń kún dé ìdajì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, ìsàlẹ̀ ife nìkan ló ń rin. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó fún un títí, kò rí ju ẹ̀kán mélòó kan lọ. Kò tilẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ ọmọ mọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ti ń na ife sí àwọn nọ́ọ̀sì.

Ọmọ tó ti ń wúwo díẹ̀díẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé bá a níbi tó ti ń di báàgì. Ará Ìlérò ni Mọ́ládé, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìnlá ní wọ́ọ̀dù náà. Ó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Sodiqat, ó di ibo?”

“Màámi, mo fẹ́ máa lọ sílé.”

“Ta ló lé ọ?”

“Kò sẹ́ni tó lé mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tọ́jú. Kí ni mò ń ṣe níbí? Ọyàn ò wá mọ́. Tí mo bá wọlé, tí mo rí rọ́bà yẹn, àyà mi á máa já. N ò rí oorun sùn. Oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.”

Nọ́ọ̀sì kò bá a jà. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Jẹ́ n jókòó díẹ̀. Sọ èyí tó kù fún mi.”

Sodiqat wolẹ̀. “Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tí mò ń tẹ̀ nítorí Iléyá ló lé ọmọ jáde. Gbogbo wọn ló mọ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọn ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Màámi. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti bímọ, kò sẹ́nì kan tó kí mi kú ewu ọmọ. Ẹnì kan ṣoṣo! Ìyá ọkọ mi wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n gbé ẹja wá, wọ́n ní kí n kú ìrọ́jú. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bímọ nìyẹn? Ọjọ́ kẹjọ kọjá, wọn ò sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n ti mọ̀ pé kò ní yè. Èmi nìkan ló kù tí n ò mọ̀.”

Ló bá bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé kò ní kó dákẹ́. Ó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

“Gbọ́ mi,” ló wí nígbà tó yá. “Ẹ̀rọ ò lé ọmọ jáde. Ìyàwó tíṣà kan wà níbí lọ́dún tó kọjá, orí àga ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, oṣù méje ni tiẹ̀ náà bí. Nígbà míì dókítà á rí ìdí ẹ̀, bíi kí ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ru. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, a ò ní rí ìdí kankan. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Àárẹ̀ ọkàn ló ń ṣe ọ́, ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ ìyá tó bá ń wo ọmọ nínú gíláàsì. Òun ló gba oorun lójú ẹ, òun ni kò jẹ́ kí ọyàn wá dáadáa. Kò túmọ̀ sí pé o ò fẹ́ràn ọmọ ẹ. Gbé báàgì yẹn sílẹ̀ ná. Jẹ́ n pe ìyá ọkọ ẹ.”

Àwáwù, ìyá Muhydeen, gun ọ̀kadà wá nínú òjò wínníwínní. Nọ́ọ̀sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Màmá, kí ló dé tẹ́ ò tíì kí ìyàwó yín kú ewu ọmọ?”

Àwáwù fọwọ́ bo ẹnu. “Háà! Èmi ni mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má kí i o, àfi tọ́mọ bá wọlé. Ewu tá ò tíì bọ́ nínú ẹ̀, ṣé wọ́n ń kíni kú u ni? Mo rò pé ó máa dà bí ìgbà tá à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Muhydeen fẹ́ sọmọ lórúkọ, èmi náà ni mo ní kó ní sùúrù. Ọlọ́hun rí ọkàn mi, àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí.”

“Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ nínú dídákẹ́ yín ni pé ẹ ti ń wá ibi tẹ́ ẹ máa sin ọmọ ẹ̀ sí.”

Ẹlòmíì á bínú. Á ní ta ni nọ́ọ̀sì tó máa kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kíni. Àwáwù kò bínú, mo sì yìn ín fún un. Ohun tó kàn béèrè ni ibi tí omi àti ọṣẹ wà. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

Nígbà tó fi máa wọlé, Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé ti mú Sodiqat jókòó, ó ti gbé ọmọ lé e láyà ní ìhòòhò, ó sì fi ìborùn bò wọ́n pọ̀. Àwáwù dúró níwájú wọn.

“Ẹ kú ewu ọmọ.”

Sodiqat gbójú sókè. Ìyá ọkọ kì í fi ‘ẹ’ kí ìyàwó ilé, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó.

“Màmá, ẹ má kí mi báyẹn. Èmi lẹ̀ ń fi ‘ẹ’ kí?”

“Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń kí,” Àwáwù dá a lóhùn. “Ewu iná kì í pa àwòdì.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi oríkì pe ọmọ náà: “Àjíkẹ́.” Ní ọjọ́ kejì, Áfáà sọ ọ́ lórúkọ ní Àgọ́-Àrẹ. Wọ́n pa ‘Ọmọ Sodiqat’ rẹ́ lára àpótí, wọ́n kọ Waheedat sí i. Gbogbo bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Sodiqat ní Ìyá Waheedat.

N ò ní purọ́ fún yín pé ọyàn ya jáde lọ́jọ́ náà bí omi ẹ̀rọ. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí ife tó tún kún dé ìdajì. Muhydeen ń ti oko iṣu wá, òun náà bọ́ ẹ̀wù, ó gbé ọmọ sí àyà kí ìyàwó rẹ̀ lè rí oorun wákàtí méjì sùn. Àwọn ọkùnrin tó wà níta fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn. Sodiqat ní tirẹ̀ rí i pé fìlà tí wọ́n fi sí ọmọ lórí tóbi jù. Ó ní kí wọ́n kó àjẹkù aṣọ Iléyá wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì fọwọ́ rán fìlà kan tí kò ju ọsàn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ọmọ tó wà ní wọ́ọ̀dù náà ló ti dé fìlà ọdún. Ọwọ́ tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi náà ni o!

Ọjọ́ kọkànlélógójì ni Waheedat délé, ó ti tó kílò méjì.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín wà nínú gíláàsì, bí oorun bá dá lójú yín, tí oúnjẹ kò lọ, tí ẹ̀rù ọmọ ń bà yín tàbí tí ẹ ń dá ara yín lẹ́bi, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má fi ṣe àṣírí. Bó bá sì dé bi pé ẹ̀mí ń sọ fún yín kí ẹ ṣe ara yín tàbí ọmọ léṣe, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Ìtọ́jú wà. Ẹ máa gbé ọmọ sí àyà bí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ gbé e.

Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gbé oúnjẹ wá, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ìyá lè sùn, ẹ má sì wá ẹni tẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi rù.

Àti ìwọ tó kàn ń kọjá lọ, tó o rí obìnrin kan lórí bẹ́ńṣì yẹn, má dúró de ọjọ́ tí ọmọ máa jáde. Sọ fún un pé, “Ẹ kú ewu ọmọ.” Bó bá kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, fi ‘ẹ’ kí i náà. Àwọn méjì ni.