Lẹ́yìn Orin Kẹta

"Orin mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa," àǹtí rẹ̀ ń sọ ọ́ sí i létí, nítorí ariwo jìtá ti gba gbogbo pápá ìṣeré kan. "Tí ẹ̀kẹta bá ti parí, gbogbo ayafọ́tò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú ìtàgé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Lẹ́ǹsì ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà ní ilé ìwé, nítorí kámẹ́rà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àǹtí yìí, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun, máa mú un wá síbi eré orin rọ́ọ̀kì. Èrò pọ̀ bí omi òkun. Akọrin, obìnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan tó wọ bàtà pupa, fò sókè bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Lẹ́ǹsì yà á, bàtà nìkan ló rí mú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún un yà.

Kó tó mọ̀, orin kẹta ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó há mọ́ irin tí wọ́n fi dá èrò dúró, fà á láṣọ.

"Sá sẹ́yìn sípíkà yẹn. Ta ló máa mọ̀? Gbogbo ilé ìwé ló máa fẹ́ rí fọ́tò ẹ. Àbí ojo ni ẹ́?"

Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Lẹ́ǹsì yọ́ pamọ́ sẹ́yìn sípíkà.

Orin dákẹ́ díẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ketekete. "Ẹ̀yin méjì lẹ jọ wọlé, màdáámù. Ẹnì kejì yín dà? Tí kò bá jáde, màá gba káàdì ayafọ́tò yín, ẹ ò sì ní yafọ́tò níbí mọ́."

Lẹ́ǹsì yọjú, ó rí àǹtí rẹ̀ tó ń bọ́ káàdì náà lọ́rùn láìjiyàn. Ó sáré jáde.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo sá pamọ́. Àǹtí mi ò mọ̀ sí i."

Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó títí. Ó dá káàdì àǹtí padà, ó sì gba ti Lẹ́ǹsì. "Òkè pátápátá ni kó o lọ jókòó sí."

Lókè, ìtàgé kéré bí páálí ìṣáná. Lẹ́ǹsì fẹ́ sunkún, àfi bó ṣe rí ìyá arúgbó kan tó dijú, tó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé irin iwájú rẹ̀, tí èjìká rẹ̀ sì ń bá orin lọ wẹ́kú.

"Etí màmá mi ti di tipẹ́," ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣàlàyé. "Irin yìí ni wọ́n fi ń gbọ́ orin."

Lẹ́ǹsì náà fọwọ́ kan irin náà. Ìlù ń gbọ̀n rìrì nínú rẹ̀. Àwọn tó jókòó nítòsí ń fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo ìlà bá ń jó. Ó na kámẹ́rà sí màmá láti tọrọ àyè. Màmá náà mi orí, ó tú gèlè, ó ń fì í lókè, ó ń rẹ́rìn-ín àrín-tàkìtì. Lẹ́ǹsì yà á.

Nígbà tí àǹtí rí fọ́tò náà, ó kọ́kọ́ bá a wí. "Ohun tó o ṣe nísàlẹ̀ yẹn dùn mí. Bó o ṣe jáde ló jẹ́ kí n ṣì lè mú ẹ wá lọ́jọ́ mìíràn." Ó tún wo fọ́tò náà. "Gbogbo àwa tá a wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó rí èyí yà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Àǹtí fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, ojú ewé àkọ́kọ́ sì ni wọ́n gbé e sí. Ọ̀rẹ́ Lẹ́ǹsì gbé ìwé ìròyìn náà wá sí kíláàsì, ó ń fi í yangàn kiri. Lẹ́ǹsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sojú abẹ níkòó fún un: "Má tì mí sẹ́yìn sípíkà mọ́ o. Ẹni tó bá jí àyè dúró, ẹlòmíràn ló máa ń forí fá a. Ibi tí wọ́n bá fún mi ni màá dúró sí, màá sì la ojú mi dáadáa."