Orúkọ Mutinta Lára Pílásítà

Ìwé pélébé kan ni Bàbá Kapembwa fi dúpẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ kò tíì jáde láti ìgbà tí wọ́n ti yọ rọ́bà ẹ̀rọ tó ń bá a mí kúrò lọ́fun rẹ̀. Tíṣà àgbà ni. Lẹ́tà rẹ̀ ṣì gún régé: "O ṣeun, Sista Mutinta, tó o di ọwọ́ mi mú lánàá títí ẹ̀rù fi kúrò lára mi."

Mutinta kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò wá síbi iṣẹ́ lánàá. Ilé ló wà látàárọ̀ dalẹ́, tó ń fọ aṣọ.

Agbẹ̀bí ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan ní Kitwe kí àrùn kòrónà tó dé. Nígbà tí aláìsàn pọ̀ ju agbára àwọn nọ́ọ̀sì lọ, wọ́n ṣa agbẹ̀bí mọ́kànlá jọ, òun náà wà lára wọn, wọ́n fi ọjọ́ méjì péré kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹ̀rọ amúnimí, àti bí wọ́n ṣe ń dojú aláìsàn bolẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró lè ráàyè. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kó wọn wọ yàrá àwọn tó wà láàrin ikú àti ìyè. Aṣọ ìdáàbòbò bò wọ́n látorí délẹ̀, ojú nìkan ló yọ. Nítorí náà, kálukú ń kọ orúkọ sára pílásítà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà.

"Chileshe," ó pe ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, "ta ló lẹ orúkọ mi mọ́ àyà lánàá?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀, Àǹtí! Ṣebí èmi àtẹ̀yin la jọ dojú ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì bolẹ̀? Nígbà tí wọ́n kú, ẹ sunkún débi tí gíláàsì ojú yín fi ṣú."

Mutinta tún ìwé náà kà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí omi kò tíì bọ́ lójú rẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá ti kú níṣojú rẹ̀, ó kọ aago ikú wọn sílẹ̀ bí ẹni ń kọ orúkọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Kò dùn ún, kò sì bà á lẹ́rù.

Nírọ̀lẹ́, Hachilala ọkọ rẹ̀ ro nshima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo. Mutinta fọwọ́ lásán gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ọkọ rẹ̀ ló sáré já a gbà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Hachilala di ọwọ́ náà fún un. Ó rọra bi í pé, "Mutinta, ìgbà wo lo máa wálé?"

"Ṣé èmi kọ́ ni mo jókòó yìí?"

Hachilala bu nshima síwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án gangan, ó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé yàrá náà. Ẹnì kan jókòó ti Bàbá Kapembwa, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mutinta ka pílásítà àyà rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ni. Orin tí Mutinta máa ń kọ fáwọn obìnrin tó ń rọbí ni onítọ̀hún ń kọ. Omijé kún ojú onítọ̀hún.

Mutinta gbọ́wọ́ sókè láti kan gíláàsì. Ẹni náà wò ó, ó rọra mirí, bí a ṣe ń mirí sí ẹni tó fẹ́ jí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Tó bá pè é jáde, ta ni yóò di ọwọ́ bàbá yẹn mú? Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó padà sílé.

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Bàbá Kapembwa fi rìn jáde nílé ìwòsàn. Nígbà tó yá, àrùn rọlẹ̀, wọ́n ti yàrá náà pa, Mutinta padà sídìí ìgbẹ̀bí. Ìyá ọmọ àkọ́kọ́ tó gbẹ̀bí rẹ̀ bi í pé, "Sista, ṣé ara ọmọ mi lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ni Mutinta wí. Ọwọ́ rẹ̀ tó gbé ọmọ náà kò mọ ooru kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ti pa náà lọ́wọ́ mátíróònù, ó wọlé. Eruku ti bo àwọn ẹ̀rọ. Ó rọra pe orúkọ ara rẹ̀. "Gbogbo wọn ti lọ. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ohùn ara rẹ̀ ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì bẹ́ẹ̀dì ìkẹyìn: "Rọra ná. Eléyìí ò tíì lè mí fúnra ẹ̀."

Ó fa kọ́tìnnì. Kò sí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì náà jìn wọnú bí ẹni pé èèyàn sùn lé e, ó sì ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àyà tó ń mí.

Mutinta fa àga kan, ó jókòó tì í.