Kásíkì Kẹrin

"Wo dígí ọ̀tún," ni Kàfáyá wí.

Yàqúb yí orí sí ọ̀tún. Orí àpò aṣọ ló jókòó sí, ó di tíréè mú bí ẹni tó ń wakọ̀.

"Wo ti òsì."

Ó yí orí sí òsì.

Ìyá wọn, Kúbúrátù, dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, ẹ bá mi gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ gbálẹ̀."

Yàqúb rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Nígbà tí bàbá wọn, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kú sí Niamey, òun ló fi ilé ìwé sílẹ̀ tó lọ ń ta aṣọ ní ọjà Wadata níbẹ̀, kí Kàfáyá àbúrò rẹ̀ lè kàwé. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan ń wá awakọ̀ méjìlá tí yóò máa wa ọkọ̀ ńlá lọ sí ibi ìwakùsà ní àríwá. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ìdánwò tí wọn yóò fi yan àwọn awakọ̀ náà ku ọjọ́ méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é.

"Bí mo bá yege," ni Yàqúb wí, "Ìyá á sinmi."

Inú kásíkì ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dé sójú ni kásíkì. Ẹni tó bá dé e yóò rí ọ̀nà, afárá, ewúrẹ́ tó ń kọjá, bí ẹni pé inú ọkọ̀ ló wà. Bó bá yí orí, àwòrán gbọ́dọ̀ bá a yí lójú ẹsẹ̀. Bí àwòrán bá pẹ́ díẹ̀, òòyì á kọ́ olúwarẹ̀, inú rẹ̀ á sì rú.

Kàfáyá ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, ní àdúgbò Plateau ní Niamey. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn ìdádúró yẹn. Yóò gbé kásíkì sórí pátákó kan tó ń yí. Yóò fi fóònù tó ń ya òjìlénígba àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ya pátákó àti inú kásíkì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ka àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí pátákó yí dé ìgbà tí ohun inú kásíkì yí. Bí kò bá ju márùn-ún lọ, ó dára. Bó bá ju márùn-ún lọ, wọ́n á gbé kásíkì náà tì.

Ọ̀gá Abdoulaye, tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, ní òfin kan tí kì í tẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́," ni ó máa ń wí. "Ní òwúrọ̀, àti lẹ́yìn ìrun Alásàrí, nígbà tí ẹnì kan bá ti lò ó fún wákàtí kan. Bí kásíkì bá gbóná, ó máa ń lọ́ra. Ooru wa kì í ṣe ooru ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Kala suuru." Èdè Zarma ni gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ẹ mú sùúrù ni ó túmọ̀ sí.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, Kàfáyá wọn kásíkì mẹ́fà ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn Alásàrí, ó wọn márùn-ún. Ẹ̀kẹrin ló kù. Iná ti lọ, bátìrì rẹ̀ kò tètè kún. Ó ṣì ku wákàtí kan tí ó gbọ́dọ̀ fi lò ó kó tó wọ̀n ọ́n.

Zuhrah, ọmọ àdúgbò Koira Kano tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ọ̀rẹ́ wọn kan fẹ́ ṣègbéyàwó.

"Wọ́n ti ń lé làálì," ni Zuhrah wí. "Àbí ọjọ́ ìkómọ lo fẹ́ dé?"

"Ó ku kásíkì kan."

"Mélòó ni tàárọ̀?"

"Mẹ́rin."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Kò sí èyí tó ju márùn-ún lọ."

"Kọ márùn-ún nígbà náà. Ṣé kásíkì máa pè ọ́ lẹ́jọ́ ni?"

Kàfáyá wo ìwé tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí. Ó kọ márùn-ún. Ó buwọ́ lù ú. Wọ́n lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, Yàqúb rí ọwọ́ Kàfáyá.

"Làálì yìí dára. Àwọn kásíkì ńkọ́? Ṣé o wọn gbogbo wọn?"

Kàfáyá wo inú abọ́. "Mo wọn gbogbo wọn, Bọ̀ọ̀dá."

Iná tún lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ gbé kọ̀ǹpútà, kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tó kan Yàqúb, kásíkì kẹrin ni wọ́n nà sí i. Ẹni méjì ti lò ó. Èkejì jáde, ó di orí mú, ṣùgbọ́n ó parí tirẹ̀. Kàfáyá rí i. Ó la ẹnu. Ọ̀gá Abdoulaye wà nítòsí. Kàfáyá pa ẹnu dé.

Yàqúb bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Kàfáyá rí i tó yí orí, tó sì dúró, bí ẹni tó ń retí ẹnì kan. Òógùn bò ó. Ó yí orí lẹ́ẹ̀kan sí i. Lójú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ náà já bọ́ láti orí afárá. Yàqúb fa kásíkì kúrò lójú, ó sì bì sára.

Ẹni tó bá ṣí kásíkì kó tó parí ti kùnà. Olùdánwò tí ilé-iṣẹ́ náà rán wá kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Kàfáyá kò lọ ju ọjọ́ kan lọ. Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Abdoulaye gbé kásíkì náà sórí pátákó bó ṣe gbóná. Àwọn méjèèjì jọ kà á. Àwòrán mọ́kàndínlógún. Wọ́n tún un kà. Mọ́kàndínlógún.

Ọ̀gá lọ bá olùdánwò. Kò pẹ́ tó fi padà.

"Ó ní ìwé wà níwájú òun. Márùn-ún ló wà níbẹ̀, ẹnì kan sì ti buwọ́ lù ú. Òun kò ní pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé àbúrò ẹni tó kùnà ló ń sọ̀rọ̀." Ó gbé kásíkì náà tì. "Má wá lọ́la, Kàfáyá."

Kàfáyá bá Yàqúb nílé tó ń ká aṣọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo rò pé ara mi ni kò gbà á," ni Yàqúb wí.

Ó ká aṣọ mìíràn.

"Mo bi ọ́ léèrè láàárọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá."

Yàqúb di àpò aṣọ rẹ̀. Ìyá wọn mú tíréè, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sí àyè rẹ̀.

Yàqúb pé ọgbọ̀n ọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń ta aṣọ ní Wadata. Kò bú àbúrò rẹ̀ rí. Kò sì bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Bó bá fẹ́ mọ nǹkan, ẹlòmíràn ni ó ń bi.

Làálì ti parẹ́ lọ́wọ́ Kàfáyá. Nọ́ńbà tó kọ ṣì wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí ẹ kò bá wọ̀n, ẹ má kọ ọ́. Ẹlòmíràn ni yóò dé e sójú.