Òǹtẹ̀ Mẹ́ta Lórí Káàdì Mifuyu

"Rédíò ti dákẹ́, eré ìdárayá ti parí. Máa lọ sílé!" Bàbá Kuramochi, tó máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí káàdì ọmọ tó bá wá ṣe eré ìdárayá àárọ̀ tí rédíò ń darí, pa àpótí òǹtẹ̀ dé.

Mifuyu, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń mí hẹlẹhẹlẹ, káàdì rẹ̀ ń fì lọ́rùn. Ìgbà kẹta rèé tí yóò pẹ́ dé nínú ìsinmi yìí. Kí ó tó wẹ ìyá rẹ̀ àgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, kí ó tó fún un ní ìrẹsì rírọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ tí eré náà máa ń bẹ̀rẹ̀ á ti kọjá. Ìyá àgbà yìí kan náà ló sì máa ń bèèrè lójoojúmọ́ pé, "Ṣé káàdì rẹ ti ń kún?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo sáré wá ni o!"

"Ẹni tó fẹ́ràn oorun, kó máa bá oorun ṣeré."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Oorun kẹ̀? Inú bí Mifuyu. Nígbà tí wọ́n tú ká, tí bàbá lọ mu omi lẹ́nu ẹ̀rọ, Mifuyu ṣí àpótí, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbínú ò jẹ́ kó dá òǹtẹ̀ náà padà sínú àpótí. Ó jù ú sí gọ́tà.

Lọ́jọ́ kejì ó jí láago mẹ́rin, ó tètè dé, ó sì bá ariwo: Bàbá Kuramochi ń bá Sayo, ọmọ kékeré tó máa ń bá a gbé àpótí, wí.

"Sayo, ìwọ lò ń gbé àpótí! Níbo lo sọ òǹtẹ̀ sí?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ń sunkún.

"O ò ní fọwọ́ kan àpótí yìí mọ́ láé!"

Mifuyu bọ́ káàdì lọ́rùn. "Ẹ fi í sílẹ̀! Èmi ni mo jí òǹtẹ̀ náà tẹ̀, mo sì ti jù ú sí gọ́tà."

"Olè kékeré!"

"Mo gbà! Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí rí pé kí ló ń dá mi dúró. Màmá àgbà ò lè dìde mọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n!"

Bàbá gba káàdì náà. "Ìwọ náà ò sì lẹ́nu láti sọ ọ́?" Ó fi bíírò pupa fagi lé òǹtẹ̀ mẹ́ta náà. "Èyí ò lè kún mọ́. Bẹ Sayo."

Mifuyu tẹríba wọlẹ̀ fún ọmọ náà. Bàbá gbé àpótí padà fún Sayo, kò sì wo Mifuyu mọ́.

Nílé, Mifuyu fi káàdì han ìyá àgbà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ti káàdì ò dùn mí," ni ìyá àgbà wí. "Ẹkún ọmọ ọlọ́mọ ló dùn mí."

Inú bíbí ò da nǹkan fún ni. Òótọ́ ni pé wọ́n lè rẹ́ wa jẹ. Ẹ jẹ́ ká lanu sọ ọ́. Bí a bá fi ìbínú gbẹ̀san, ẹni tí kò ṣẹ̀ wá ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.