Wáyà Tó Gbọ̀n Lọ́wọ́ Tokuji

"Tokuji, mú ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀ kí òtútù tó gé e sọnù!" Kanzo ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń wé wáyà.

Tokuji tẹ̀ síwájú, ó kẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí wáyà gígùn tí ọkọ̀ wọn, Tsurujima, àti ọkọ̀ kékeré kan jọ ń fà láàárín ara wọn nínú òkun. Bí wọ́n ṣe ń wá bọ́ǹbù nìyẹn: wáyà á máa gbálẹ̀ lọ lábẹ́ omi, ẹnì kan á sì fọwọ́ lé e kó lè mọ̀ bóyá ó kan nǹkan. Wáyà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ le gbagidi lọ́wọ́ Tokuji ni, ó gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó dẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: Tsurujima fúnra rẹ̀ ló ri àwọn bọ́ǹbù náà síbẹ̀. Nígbà ogun, ilẹ̀ Japan wa kọ́ irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ mélòó kan, wọ́n fi orúkọ erékùṣù sọ wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa ri bọ́ǹbù sínú omi de ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rì. Ogun wá parí, ọ̀tá ò sì gba ọ̀dọ̀ wa wọlé rárá. Àwa apẹja etíkun ni bọ́ǹbù náà há mọ́lé. Ni wọ́n bá ní kí Tsurujima padà wá kó ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún la wà yìí. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, àwọn atukọ̀ á lọ ṣọdún nílé wọn. Tó bá wá di ọjọ́ kejì ọdún tuntun, àwọn ọkọ̀ ẹja ìlú wa á ta àsíá aláràbarà wọn, wọ́n á sì jáde sókun gẹ́gẹ́ bí àṣà, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ogun ti parí. Eikichi, ẹ̀gbọ́n Tokuji, ló máa ṣáájú wọn. Nítorí pé a ò lè pẹja, ọ̀dùnkún là ń jẹ láàárọ̀, òun náà là ń jẹ lálẹ́, ó ti sú gbogbo wa pátápátá.

Kanzo sún mọ́ Tokuji. "Kí ló dé tójú ẹ rí bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Wáyà kan nǹkan."

"Ẹja ńlá ni."

"Kì í ṣe ẹja, Kanzo."

"Gbọ́, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ìyá mi ti rẹ ìrẹsì tí wọ́n máa gún fún ọdún. Tó o bá la ẹnu ẹ yẹn, a ò relé mọ́ nìyẹn. Èmi ò rí nǹkan kan, ìwọ náà ò rí nǹkan kan. Panu mọ́ jàre!"

Ilé wu Tokuji. Ẹ̀rù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bà á, nítorí ó mọ bí ẹnu wọn ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀nà tí ọkọ̀ Eikichi máa gbà, ó sì gba iwájú ọkọ̀ lọ bá Ọ̀gá Onizuka tó ń darí ọkọ̀ náà.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni ọ̀gá bi í.

"Ó dá mi lójú, sà. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá yíjú sí àwọn atukọ̀. "Ó dáa. Kò sẹ́ni tó ń relé."

Háà, Tokuji rí i! Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, àwọn atukọ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọ̀gbẹ́ni Ọwọ́. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ọ̀gá ránṣẹ́ sí wa pé kí ọkọ̀ ẹja kankan má jáde títí wọ́n á fi rí nǹkan náà. Eikichi náà sáré wá sí èbúté pẹ̀lú ìbínú.

"Ṣé ìwọ lo ní ká má jáde? Ìwọ tí mo gbé pọ̀n!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù."

"Sùúrù kí ni? Àwọn obìnrin ti rán àsíá tán! Ojú wo ni kí n fi wo ará ìlú?"

"Ẹ fi ojú ẹni tó wà láàyè wò wọ́n."

Eikichi tutọ́ sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, yìnyín ń bọ́. Wọ́n fi wáyà gbálẹ̀ ibi tó ti kan nǹkan lánàá lẹ́ẹ̀kan, wọn ò rí nǹkan kan.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọwọ́," ni Kanzo wí, "ẹja ẹ ti lọ ṣọdún nílé tiẹ̀ o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Tokuji débi pé ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

"Ẹ yí ọkọ̀ padà," ni ọ̀gá pàṣẹ. "Ẹ jẹ́ kí wáyà túbọ̀ wọlẹ̀ sí i."

Kanzo fọwọ́ lé wáyà pẹ̀lú yẹ̀yẹ́. Lójijì, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wáyà le, ó gbọ̀n, okùn tó so nǹkan mọ́ ìsàlẹ̀ òkun já, ohun dúdú rogodo kan tó hu ìwo sì ta sókè, koríko òkun wé mọ́ ọn lára. Ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ẹja máa gbà gan-an ló ti yọ.

"Tiwa ni!" Kanzo kígbe. "Àwa la rì í!"

Wọ́n sún ọkọ̀ jìnnà, ọ̀gá gbé ìbọn, ó yìn ín lu bọ́ǹbù náà, ó tún un yìn, bọ́ǹbù sì bú gbàmù. Omi dìde dúró bí ilé, ó sì wó padà sórí òkun. Kanzo fìdí jókòó sórí pákó. Nígbà tó máa dìde, Tokuji ló kọ́kọ́ dì mọ́. Ariwo ayọ̀ tí àwọn atukọ̀ ké, a gbọ́ ọ nílé.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ. Àwọn ọkọ̀ ẹja tò jáde, àsíá pupa, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ìyá ń pàtẹ́wọ́ létí omi. Wọ́n kọjá lórí ibi tí bọ́ǹbù wà lánàá, ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Àṣà wa ni pé kí àwọn apẹja máa ju ọsàn sí àwọn tó wà létíkun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Eikichi kọ̀yìn sí etíkun, ó dojú kọ Tsurujima níbi tí Tokuji dúró sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọsàn. Àkọ́kọ́ gbá Tokuji láyà.

"Ẹ̀gbọ́n, òkò lẹ̀ ń sọ lù mí ni?"

"Ọwọ́ ẹ ni mo fẹ́ kó kún, àbúrò mi! Má bínú sí mi. Gbá a mú!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá mọ òótọ́, ẹ sọ ọ́, kódà bí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá ń rẹ́rìn-ín, kódà bí ẹbí yín bá ń bínú. Ẹ̀rín àti ìbínú á kọjá lọ. Ká ní Tokuji panu mọ́ ni, ta ni ì bá ju ọsàn fún un? Gbogbo wa la rí i lọ́jọ́ náà tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, tí ọsàn kún un dẹ́nu, tí Kanzo sì ń ṣa èyí tó ń bọ́ sílẹ̀.