Ẹ̀jẹ̀ Safurat àti Àmì Ara Bájì

Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni Safurat fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

"Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti gba ìsinmi ni?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù rẹ́rìn-ín. Safurat bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti wú, ó sì ń gbóná.

Ọdún 1975 ni, nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kún etí omi Àpápá. Ràímì, bàbá Safurat, wà lára àwọn tó ń kó sìmẹ́ńtì láti inú ọkọ̀ òkun sínú bájì, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń gbé ẹrù wá sí èbúté. Yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀ ni òun, Fàúsátù ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé. Fàúsátù ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà, ó ń fi òrí pa á. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ náà ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi ni. Wíwú náà kò lọ sílẹ̀, ìrora rẹ̀ sì ń jí ọmọ náà lójú oorun.

Fàúsátù bá ké sí Màmá Tonbra, àgbàlagbà ọmọ ẹ̀yà Íjọ̀ láti ẹkùn Niger Delta, tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn. Òun ni gbogbo ojúlé náà mọ̀ sí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ tó bá rọ́. Màmá Tonbra gbé ọwọ́ lé orúnkún náà, ó sì yára gbé e kúrò.

"Mama Safu, mi ò ní tẹ èyí o. Ẹsẹ̀ tó rọ́, mo mọ̀ ọ́n. Èyí le bí òkúta. Abeg, gbé e lọ ọsibítù."

"Àbí ẹ̀ ń bínú sí mi ni, Màmá?"

"Tí mo bá ń bínú sí ẹ, màá tẹ̀ ẹ́."

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò egungun náà àti ti àyà rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ lára wíwú náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní jẹjẹrẹ egungun ni. Àwọn kò tíì rí i nínú ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́dọ̀ gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ó fi kún un pé ohun tí àwọn wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga púpọ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí nìkan ni Ràímì gbọ́. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́. Ta ló ń gé ẹsẹ̀ ẹni tó ń kú lọ? Jẹ́ ká mú un lọ sílé, kó lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì."

Nọ́ọ̀sì Morádéún, tó ń tọ́jú wọ́ọ̀dù náà, gbọ́ ọ. Ó fa àga wá fún un.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ bàjẹ́?"

"Dókítà ní ó ga."

"Ó ga lóòótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà purotéènì tí egungun máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Gbogbo wa la ní in. Ti ọmọ tó ń dàgbà máa ń ga ju ti àgbàlagbà lọ. Ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú náà lè ga. Òun nìkan kò lè sọ pé jẹjẹrẹ ni."

"Kí wá ni gíga rẹ̀ ń sọ?"

"Ó ń sọ pé àrùn náà ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ gan-an. Ẹni tí tirẹ̀ ga báyìí, ìjà rẹ̀ sábà máa ń le. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti gé ibi tí àrùn wà, a ó tún un wọ̀n. Tó bá wálẹ̀ tó sì dúró sílẹ̀, ìrètí ń pọ̀ sí i nìyẹn. Tó bá tún ń gòkè, a ó tètè mọ̀."

Ràímì jókòó sórí àga náà.

"Bí àmì tí wọ́n kùn sí ẹ̀gbẹ́ bájì," ó wí. "A kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti èbúté. Tí omi bá bo àmì, a mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀ jù. Tí a bá já a, àmì a tún yọ."

"Tí omi bá bo àmì, ṣé ẹ máa ń fi bájì sílẹ̀ kó rì?"

"Ká má rí i. Ẹrù la máa ń já."

Ó wo Safurat. Ọmọ náà ti ń gbọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bàbá mi," Safurat wí, "ẹsẹ̀ òsì ni mo ti fi ń ránṣọ tẹ́lẹ̀."

Ràímì tẹ̀ka sí ìwé pé kí wọ́n gé e.

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ga náà ti wálẹ̀. Fàúsátù béèrè ohun tí wọ́n ṣì ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ti lọ. Ràímì ló dá a lóhùn pé bájì tí a já lánàá, a tún máa ń wo àmì rẹ̀ lónìí. Kò jẹ́ kí ọmọ náà pa ọjọ́ àyẹ̀wò kankan jẹ.

Ọdún kẹta rèé. Ẹsẹ̀ onígi ni Safurat ń gbé rìn báyìí, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Màmá Tonbra ló kọ́kọ́ gbé aṣọ wá.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àrùn yìí ló ń yè bí Safurat ṣe yè. Ẹni tó bá tètè dé ọsibítù ni ìrètí rẹ̀ ń pọ̀ jù. Bí egungun ọmọ yín bá wú, tí ìrora rẹ̀ kò lọ, tó ń jí i lójú oorun, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má dì í. Ẹ lọ ya fọ́tò rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ohun kan ga nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sunkún. Bí ìtọ́jú bá parí, ẹ ṣì máa padà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i pé omi ti bo àmì, kó má sá kúrò nínú bájì. Kó pe àwọn tó mọ bí a ṣe ń já ẹrù.